Ọkùnrin Olóṣèlú Tó Já Wọ Inú Wákà Mi ní Amúkòkò

Kafilat, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara le, ṣé ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín ò fi ojú rẹ gbolẹ̀? Àwa náà wà láàyè nílé. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a sí láti máa ráhùn. Ewúrẹ́ rẹ bí ọmọ méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì ò tíì dá wa lójú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi omijé ka ìwé ara wa, àmín.

Àṣàkẹ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wá gba awò ojú lọ́dọ̀ rẹ ní Amúkòkò, mi ò sì sọ fún ọ, torí nígbà tí o bá fi máa rí àyè kọjá láàárín àwọn tírélà Àpápá délé, ojú rẹ kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣé o rántí pé o fi nǹkan tó ń kọrin sínú fóònù mi kí n má bàa dá wà? O ní tí mo bá ti gbọ́ wákà díẹ̀, yóò máa fúnra rẹ̀ wá èyí tó jọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ kìíní, ó dùn bí oyin. Ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbádùn lọ́wọ́, ni ọkùnrin kan já wọ inú rẹ̀, ó ń kọrin pé kí gbogbo ará Ajégúnlẹ̀ dìbò fún òun, òun yóò la gọ́tà, òun yóò gbé iná dé. Mo kí i. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, àlejò ni mí, mi ò ní káàdì ìdìbò níbí. Kò dá mi lóhùn, ó ṣáà ń kọrin lọ.

Mo wo ojú fóònù, mo rí àwòrán ọkàn kékeré kan. Mo ní áà, ibi tí èèyàn ti ń sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀ nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti ń kọrin, ó tún ń sọ̀rọ̀. Mo tún tẹ ọkàn, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá, ìyẹn ń kọrin ìbò fún àwọn obìnrin. Bí mo ṣe ń fẹjọ́ sùn tó ni wọ́n ń pọ̀ tó, títí wákà fi ku ẹyọ kan láàárọ̀, tí gbogbo ìyókù di ìbò. Mi ò sì lè pa fóònù torí ìwọ lè pè mí, ni mo bá tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ń ti ibẹ̀ kọrin.

Ilé tí yàrá kọjú síra bí tiyín, ohùn kì í fara pamọ́ níbẹ̀. Alájì Tàófíìkì onílé yín, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kejì tó ń bá ti ọkùnrin yẹn díje ní wọ́ọ̀dù, kò dá ìkíni mi lóhùn mọ́. Mo rò pé etí ló ń dùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbe kí i.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n pè ọ́ síbi iṣẹ́ nítorí kọ̀nténà, Nkechi aránṣọ tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ wọlé, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni ìrẹsì máa dé. Mo ní ìrẹsì wo? Ó ní kí n má fi pamọ́ fún òun, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ọkùnrin inú fóònù ló rán mi wá láti kó ìbò jọ. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, èèyàn mẹ́rìnlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì ìdìbò, ẹnì kan tilẹ̀ gbé òfìfo àpò wá. Mo ní irọ́ ni o, wọ́n ní bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè lé àlejò. Mo mú bírò, mo kọ orúkọ wọn.

Ibẹ̀ ni Alájì ti yọ, ó na ìwé kan sí mi. Ó ní òun ò kọ́lé kí ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn wá fi ṣe ọ́fíìsì. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àgbàlagbà láti tò sẹ́yìn àwọn ayálégbé rẹ̀, ni mo bá gba ìwé náà, mo fọwọ́ sí i, mo ní kó fọkàn balẹ̀, òun ni ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún.

Nkechi gba ìwé, ó kà á. Ó ní wọ́n ní kí ìwọ Kafilat kó jáde láàárín ọjọ́ méje, èmi sì ti bá ọ fọwọ́ sí i.

Nígbà tó o dé, tó o bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun, tí mo ní eyín ń dùn mí, irọ́ ni mo pa. Dárí jì mí.

Bí o ṣe jáde ní Mọ́ńdè, mo mú Nkechi, a lọ kúnlẹ̀ fún Alájì. Àṣàkẹ́, fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, ó dákẹ́, síbẹ̀ ọkùnrin náà ń kọrin! Inú yàrá Alájì ló ti ń wá. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó gbá ìkòkò kan mọ́ra, ó di ọmọrí rẹ̀ mú, fóònù rẹ̀ wà nínú ìkòkò náà, òógùn bò ó. Ó ní òun kàn gbọ́ orin náà tán lọ́jọ́ kan kí òun lè mọ irọ́ tí wọ́n ń pa ni, láti ìgbà náà, bí òun bá fẹ́ gbọ́ Kùránì, ọkùnrin yẹn ló máa kọ́kọ́ dé. Ó ní àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun ń bọ̀ wá ṣèpàdé lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á yọ òun nípò.

Nkechi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ orin dópin, ẹ̀rọ náà gbà pé ó fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó ní èmi tí mo ń tẹ ọkàn, mo ti ń sọ fún ọkùnrin náà láti ọjọ́ yìí pé ìfẹ́ rẹ̀ ń pa mí. Èmi, tí bàbá rẹ ṣì wà láàyè! Ó tẹ fóònù èmi àti Alájì níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ẹ má gbé e wá mọ́. Alájì fa ìwé náà ya, ó ní kí àwa mẹ́ta má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ọmọ mi ni ọ́.

Ṣùgbọ́n Nkechi pè mí lánàá. Ó ní àwọn mẹ́rìnlá yẹn ń sọ pé mo gbé ìrẹsì àwọn sá lọ sóko. Àṣàkẹ́, wọn ò pè mí ní olè rí láyé mi. Jọ̀ọ́, ra ààbọ̀ àpò, kí o fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún wọn, mo fi ìwé tí mo kọ orúkọ wọn sí sínú àpò lẹ́tà yìí. Kí o fi owó dátà ránṣẹ́ sí mi, àti owó òògùn bàbá rẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ẹgbẹ́ wo ló fún wọn ní ìrẹsì, sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ ìyá mi ni.

Ọlọ́run á la ọ̀nà Àpápá fún ọ ní òwúrọ̀, á là á fún ọ ní ìrọ̀lẹ́. Oníbàjẹ́ ò ní mọ ilé rẹ. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, àwa náà á jèrè rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfíátù