Iṣẹ́ Tí 'Walk' Ń Ṣe Kó Tó Di Ìrìn

Àpótí Lẹ́tà 14,
Rear Glenorrin,
Cape Breton,
Nova Scotia,
Kánádà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 1996.

Christena mi, ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣeré nínú yìnyín láti kékeré,

Báwo ni Boston? Báwo ni orúnkún rẹ? Ṣé ó ṣì máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ṣú? Ṣé Annabel ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀ wà dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn wọn ti ń hu eyín. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n omi ti ń kán láti orí òrùlé, àwọn àgùntàn Sadie aládùúgbò wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ.

Wo ọwọ́ ìwé yìí dáadáa. Tèmi ni. O mọ̀ pé Lauchie ló ń bá mi kọ lẹ́tà láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Màá jókòó tì í, màá máa sọ ọ́, òun á sì máa há ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sáàárín tèmi. Kò sẹ́ni tó há ọ̀rọ̀ kankan sáàárín èyí. Mo kọ ọ̀kan sí Catriona, ọmọ Neil mi, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Halifax, ó sì ní òun kà á fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ọmọ ọmọ mi ń fi mí yangàn! N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn débi pé mo jó nídìí sítóòfù.

Ọ̀rọ̀ Lauchie gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé. O ti gbọ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nígbà tí a ń wa ọ̀dùnkún. Ẹnu rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, kódà ó ti fẹ́ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Paula ń wá láti ọsibítù láti máa bá a na ẹsẹ̀ náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní bí ẹsẹ̀ yẹn kò bá lè ti nǹkan kan kí Àjíǹde tó dé, Lauchie kò ní lè dìde láti orí ibùsùn sórí àga, agbára mi kò sì ká a láti máa gbé e. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Sydney ló kù, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Lauchie, tó jẹ́ pé bó bá sun ilé ẹlòmíì, inú á máa run ún! Ló bá kọjú sí ògiri. Bí mo bá ní kí a na ẹsẹ̀, á ní, "Ẹsẹ̀ yìí ti kú, Murdena. Sin ín, kí o jẹ́ kí n sùn."

Àsìkò yẹn ni Míìsì Gaudet, olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà tí mo ti ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, pín ọ̀rọ̀ fún wa, ó ní kí kálukú lọ wo ìdí tirẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà ní ilé ìkàwé, kó sì wá kà á sókè. Èyí tó kàn mí ni "walk". Christena, inú bí mi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ìrìn ni wọ́n rí fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò lè rìn! Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà.

Mo ṣáà ṣí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju ojú ewé kan lọ. A ń fi í mú ajá jáde, àwọn awakùsà ń fi í pa iṣẹ́ tì bí inú bá bí wọn, a sì ń fi í sọ pé òkú kan kò sinmi. Gbogbo ìyẹn kò ṣe tuntun sí mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, ni ẹnu ti yà mí. Mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìrìn rárá. Yíyí ni. Òkun ló ń ṣe é, bí omi bá ru, tó ń yí gbiri síwá sẹ́yìn. Wọ́n tún fi í pe iṣẹ́ àwọn tó ń yí aṣọ irun àgùntàn tútù, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè ki. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di pé kí ènìyàn máa kiri, kó tó wá di ìrìn ẹsẹ̀.

Aṣọ tútù, Christena! Iṣẹ́ wa! Èyí tí ìyá rẹ àti ìyá mi ṣe, tí àwa náà ń ṣe títí dòní, tí a ń rẹ aṣọ tí a hun tán sómi, tí a ń fi orin gbá a mọ́ pákó títí á fi móoru tó fún ẹni tó máa fi bora. Orí mi wú. Ṣe ló dà bíi pé mo ṣí ilẹ̀kùn ilé àjèjì, tí mo bá ìyá mi níbẹ̀.

Nígbà tí mo kà á ní kíláàsì, mo ka ibi tí wọ́n ti ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní Walker, pé inú ìtọ̀ tó ti kan ni wọ́n máa ń dúró sí tẹ aṣọ. Wendell Walker, apẹja tó ń jókòó lẹ́yìn mi, fò dìde.

"Mo ṣe bí arìnrìn-àjò ni bàbá ńlá mi!"

"Inú ìtọ̀ ló rìnrìn àjò lọ," ni Sadie, tí òun náà wà ní kíláàsì, dá a lóhùn.

"Ṣebí ẹ̀yin náà máa ń lò ó níbí!"

"A lò ó, ṣùgbọ́n a kò fi jẹ orúkọ."

Nírọ̀lẹ́ mo kà á fún Lauchie, èmi tí òun máa ń kàwé fún. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá ìyá mi náà, ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í dìde. Wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ síra wọn." Ó wá ní, "A jẹ́ pé ẹni tó jókòó náà lè walk nígbà yẹn." Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ránṣẹ́ sí Sadie.

Ní Sátidé, dípò kí a gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun Sadie lọ sí gbọ̀ngàn ìlú bí a ti máa ń ṣe, ilé ìdáná mi la gbé e wá. A tẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ kan sílẹ̀, a da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí aṣọ. Wendell náà tẹ̀ lé wa wá, ó bẹ̀ wá pé kó jẹ́ ọṣẹ nìkan. A bọ́ ìbọ̀sẹ̀, a jókòó yí i ká, a gbé Lauchie sáàárín wa, a fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Òun ló dá orin, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ṣàìsàn rárá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń ti aṣọ, ti òsì kàn wà níbẹ̀ bí igi.

O mọ̀ pé ọ̀nà tí oòrùn ń gbà yí ni aṣọ gbọ́dọ̀ gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi ló ń kó bá ẹni tó bá fi bora. Wendell kò mọ̀. Apá òsì Lauchie ló jókòó sí, níbi tó ti yẹ kó gba aṣọ kó sì ta á síwájú. Bí orin ṣe gbóná, ó gbá a padà sọ́dọ̀ Lauchie. Gbogbo obìnrin kígbe. Sadie di orí mú. Lauchie gé orin, ó jágbe, "Ọ̀nà oòrùn, Wendell! Ṣé o fẹ́ pa ẹni tó máa fi bora ni?" Ó sì gbá aṣọ náà padà fún un.

Ẹsẹ̀ òsì ló fi gbá a.

Òun alára kọ́ ló kọ́kọ́ rí i, àwa ni. Omi ń ro lára aṣọ. Wendell wá ní jẹ́jẹ́, "Ṣé kí n tún ṣe àṣìṣe yẹn ni?"

"Tún un ṣe," ni Lauchie wí. Sadie, tó ni aṣọ, tún da omi gbígbóná sí i.

Paula dé ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Àjíǹde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó ní kó ti òun. Kò lọ. Lauchie ní kí n dá orin. Mo dá a, bí mo sì ti dé ibi ègbè, ọwọ́ Paula sún sẹ́yìn. Ó tún sún. Paula ní Lauchie kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí a má tan ara wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ibùsùn Sydney fún ẹlòmíràn.

Bá mi kí Annabel àti ọkọ rẹ̀, fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Sadie kí ọ púpọ̀. Lauchie ní kí o sọ òtítọ́ bóyá ìwé mi ṣe é kà.

Láàárọ̀ àná, ó di èjìká mi mú, ó dìde. Ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn síwájú lórí pákó ilé wa, ó sì gbé ara lé e kó tó jókòó. "Má pariwo o," ló wí fún mi, "kí àwọn ará ilé kejì má wá máa wò mí." N kò pariwo, Christena. Inú ìwé yìí ni mo ti ń pa ariwo náà.

Èmi ni, tìrẹ títí láé,
Murdena