Ta Ló Mú Ìwé Bàbá Kẹ́mi?

Olúwọlé ọkọ mi, Bàbá Kẹ́mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí ẹ sùn tí ẹ ò jí. Ọdún márùn-ún! Àfi bí àná.

A ti kan òrùlé ilé tí ẹ ń kọ́ ní àdúgbò Basin. Olúwakẹ́mi yín ti di tíṣà, ohùn yín gan-an ló fi ń bá àwọn ọmọ wí. Àpótí ìwé yín ṣì wà ní yàrá: ìwé nípa bí ẹnì kan ṣe ń fi ọ̀pá tín-ínrín darí ọgọ́rùn-ún olórin lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó kọ orin ńlá nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ ò fojú rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Rédíò lẹ máa ń darí ní pálọ̀, ẹ ó máa ju apá, ẹ ó máa làágùn, bẹ́ẹ̀ rédíò ò kúkú wò yín!

Ìwé mẹ́tàlá ni. Lẹ́yìn ìsìnkú mo kà á, ó ku méjìlá. Èyí tí ẹ fẹ́ràn jù, ìtàn olórin tó di adití tó sì ń kọ orin lọ, òun ni mi ò rí.

Ta ló mú un? Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kì í bá ṣe Kọ́lápọ̀ igbákejì yín nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, tó gba ipò olùdarí yín kí erùpẹ̀ ibojì yín tó gbẹ! Ó wá kí mi, àpótí ló ń wò. Ó ní kí n yá òun ní ìwé kan. Ẹ̀ẹ́n! Nígbà tí mo wá ra ẹ̀pà ní ọjà Ìpàta, tí mo rí àwòrán ọkùnrin tó gbé ọ̀pá sókè lára bébà tí wọ́n fi wé e, mo ní ọ̀rọ̀ parí: ó ti tà á. Mo lé e kúrò nílé mi, mo sì fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Oṣù tó kọjá, Husseinat, ẹlẹ́pà Ìpàta yẹn, dá mi dúró. "Ìyá Kẹ́mi, ẹ ò tún ní ìwé ìròyìn fún mi ni? Èyí tẹ́ ẹ kó fún mi lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, wàláhì, ó pọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ nípọn bí ìwé."

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìwé ìròyìn bo gbogbo ìwé yín kó má baà dọ̀tí! Èmi tí mo ń palẹ̀ ilé mọ́ ni mo kó o mọ́ ìwé ìròyìn àtijọ́. Èmi! Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà.

Mo gbé àpótí náà tọ Kọ́lápọ̀ lọ, mo kúnlẹ̀. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde. Gbogbo ohun tó rántí pé ẹ kà fún òun nípa adití yẹn ló ti kọ síbẹ̀, kó má baà gbàgbé yín.

Ẹ dárí jì mí, ọkọ mi. Àárò yín ò tán nílé yìí, ìfẹ́ yín ò sì dín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Kọ́lápọ̀ máa gbé ọ̀pá ìdarí yín sókè, èmi náà máa dìde láàárín àwọn akọrin. Rédíò ò wò yín. Èmi á máa wò yín.