Òjò Tó Ṣú Tí Kò Rọ̀

Bàámi tèmi,

Ilé yín ti ní páànù tuntun. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọkàn yín balẹ̀, kí n tó máa rojọ́.

Ẹ rántí ìwé tí ẹ ń kọ òjò sí? Bí ẹ bá ti kírun Àsùbá tán, ẹ ó gun òkè Màpó lọ wo ojú ọ̀run, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó kọ ohun tí ẹ rí. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Lẹ́yìn tí ẹ jáde láyé, páànù dógùn-ún, ó ń jò káàkiri. Ilé amọ̀ sì ni. Lọ́dún tó kọjá, mo rí i ní ojú ewé kan nínú ìwé yín pé inú oṣù Mùhárámù ni òjò ń dáwọ́ dúró. Mùhárámù dé, mo ní kí káfíńtà ṣí òrùlé. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ kejì kò ṣeé fẹnu sọ, ìdajì ògiri yàrá yín ló wó kí a tó dá páànù àtijọ́ padà. Mo gbàgbé pé oṣù tí àwa Mùsùlùmí ń fi òṣùpá kà kì í dúró sójú kan, pé lọ́dọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé. Mùhárámù tiyín bọ́ sí oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń sinmi, tèmi bọ́ sí àárín òjò gan-an.

Múfú àbúrò mi bínú. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé, tó fẹ́ wó o kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹbí sì ti fẹ́ gbà. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: bí òjò bá tún ká wa mọ́ láìsí òrùlé, ilé di títà. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ bá ṣe?

Mo padà sídìí ìwé. Mi ò wo orúkọ oṣù mọ́, ohun tí ẹ rí lójú ọ̀run ni mo ń wá. Ọdún dé ọdún, ohun kan náà lẹ kọ: ààrá dákẹ́, òwúrọ̀ tutù, òjò ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, kò rọ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun Màpó. Nínú oṣù Kẹjọ yìí, odindi ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí ààrá. Òtútù ń mú mi lórí òkè, ojú ọ̀run dúdú, òjò kò sì kán. Mo ní kí wọ́n ṣí òrùlé.

Fóònù Múfú ń kéde òjò lójoojúmọ́. Àwọn ará àdúgbò á wo òkè, wọ́n á wò mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òjò fi ṣú lé wa lórí, kò kán sílẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n kan páànù tó kẹ́yìn, mo bọ́ sí ìta, mo jó. Múfú náà jó. Ẹ sì mọ̀ pé kì í jó.

Àná ni ààrá tún sán. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé yín, lábẹ́ ìlà yín tó kẹ́yìn. Bí òjò ṣe ń bọ̀, Màámi gbé abọ́ tí wọ́n fi ń gba omi tó ń jò, wọ́n gbé e síbi tí wọ́n máa ń gbé e sí, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n retí títí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà sínú ẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gun Màpó báyìí.