Mo Fẹ́ Wá Wo Gọ́ọ̀fù Rẹ Lọ́jọ́ Sátidé

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Gọ́ọ̀fù ni eré tí èèyàn ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí yóò máa tẹ̀ lé e káàkiri pápá títí bọ́ọ̀lù náà yóò fi wọ inú ihò, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá sì kéré jù lọ ló borí. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbí kí o lè rí i pé mo mọ eré náà, kí o má baà rò pé àìmọ̀ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́sí.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń sùn? Kí Ẹlẹ́dàá tó fún ọ ní ọwọ́ méjì má jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn gbọ̀n. Àwa náà ń bẹ láyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé kàn, ó ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti ń jò báyìí. Bàbá yín ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n má sọ fún ọ pé orókún ń dun àwọn, nítorí náà n kò sọ ọ́.

Láti ìgbà tí o ti ní kí n má wá sí àṣekágbá ọjọ́ Sátidé, n kò lè fìdí kalẹ̀. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, n óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn. N óò wọ bàtà, n óò bọ́ ọ. Bàbá yín ní bí mo bá tún jáde tí mo tún wọlé, àwọn yóò ní kí n máa gba ìwé àṣẹ.

Fara balẹ̀, jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo kọ́, ilé ẹ̀kọ́ ni mo sì ti kọ́ ọ. Bí obìnrin bá ń rọbí, agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ kì í pariwo lé e lórí. Yóò fọwọ́ lé ikùn rẹ̀, yóò máa wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí ọmọ bá ti hàn, tí ìyá fa èémí sínú tó sì di eyín pọ̀, ìgbà náà gan-an ni a ń gbé ohùn sókè, torí bí a bá dákẹ́ nígbà yẹn, àfi bí ẹni pé a fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Lọ́jọ́ tí mo wá wò ọ́, bọ́ọ̀lù rẹ ti sún mọ́ ihò, o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o fa èémí sínú, o di eyín pọ̀. Mo mọ ojú yẹn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo èrò dákẹ́ lọ gbári, mo ní irú ìkà wo rèé. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: “Tì í! Tì í! Má sinmi, ó ti ń bọ̀!”

Bọ́ọ̀lù náà ré ihò kọjá, ó yí gbirigbiri lọ sínú adágún omi pápá náà. Ọkùnrin tó ń bá ọ gbé àpò igi béèrè pé ta nìyẹn. O ní màmá rẹ ni, koríko ni o sì ń wò. O kò bá mi jà. Ìgbà tí mo délé tán ni o pè, tí o wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́jọ́ Sátidé.” Ì bá sàn kí o bú mi.

Mo ti ń kọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ báyìí. Inú fóònù aránṣọ ọ̀ọ́kán wa la ti ń wo gọ́ọ̀fù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù, mo máa ń ní kó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró kí wọ́n má baà gbọ́ wa. Ó ní àwọn tó wà nínú fóònù kò lè gbọ́ wa. Mo ní èmi náà kò mọ̀ pé ìwọ yóò gbọ́ mi. Oníbàárà kan wá gba ṣòkòtò, mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn. Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí, kì í sì í mú aṣọ dání. Aránṣọ ní èmi ni kí n máa bá òun sanwó ṣọ́ọ̀bù.

Ti ẹnu géètì pápá yín kò lè ṣòro. Lọ́jọ́sí, ìwé tí wọ́n fún mi béèrè ìgbà tí n óò jáde, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí ọmọ mi bá borí. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé yẹn, n kò tíì jáde. Owó ọkọ̀ nìkan ló kù. Bí o bá fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ, kọ́kọ́ bi í bóyá iná fóònù rẹ̀ pọ̀, kí owó má baà há sójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, n kò ní bínú. Àìmọye ìyá àwọn tó ń rọbí ni èmi fúnra mi ti lé jáde nínú yàrá ìgbẹ̀bí nítorí pé ẹnu wọn kò dákẹ́. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á máa rìn síwá sẹ́yìn, n óò sì máa sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí ló ń dà wọ́n láàmú, ṣé àwọn ni wọ́n ń bímọ ni. Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Bí o borí, bí o kò borí, wàá dé ibi tí o ń lọ, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́. Kí ọ̀la tó ṣú, pe fóònù aránṣọ, kí o sì sọ ibi tí o fẹ́ kí n dúró sí lọ́jọ́ Sátidé: inú pápá ni o, ẹ̀yìn odi rẹ̀ ni o, tàbí ìdí ilẹ̀kùn wa níbí. Ibi tí o bá dárúkọ ni n óò dúró sí.

Èmi ni,
Màmá rẹ