Òtítọ́ Nípa Mọ́rísì Rẹ

Kábà,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 1993.

Andrew, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́mọ́jọ́,

Okun o. Mo kí ọ, mo kí Juliet ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ilé. Mo ní ìgbàgbọ́ pé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì wọ inú eegun yín, àti pé bí ìwé yìí ṣe fi àlàáfíà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àlàáfíà ni yóò bá lọ́dọ̀ yín. Ara èmi àti Zipporah ìyàwó mi le. Ọyẹ́ ti ń ká ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti ta sí wa lórí lẹ́ẹ̀kan, àwọn òkè tó yí ìlú ká sì ti tún hàn kedere.

Ìwé tí o kọ ní oṣù Kọkànlá tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ti fẹ̀yìn tì, pé nígbà tí a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, kí lo tún ń ṣe lókè lọ́hùn-ún. O ní bí Àjíǹde bá dé, o ó wá gba ọkọ̀ Mọ́rísì rẹ lọ́wọ́ mi, o ó sì fi gbé Màmá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Mọ̀pà. Mo kà á tán, mo káwọ́ lérí. Zipporah bi mí pé, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Andrew, ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń parọ́ fún ọ. Nígbà tí o fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún mi ní 1976, mo tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Gbogbo Sátidé ni mo ń wà á dé Ìyàmoyè kí n tó padà. Ní 1982, ìjì ká páànù orí gáréèjì lọ. Mo ní n óò kàn án padà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dé. Òjò wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìpáàrà mú un, ó gan pa. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé mi, ohun tí mo ń kọ sí ọ ni pé, "Mọ́rísì rẹ wà dáadáa." Ojú ló kọ́kọ́ tì mí. Nígbà tí ọdún kan kọjá lórí rẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo wá tọ Lájídé lọ, mẹkáníìkì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ki irin ìyíná, èyí tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì, bọ iwájú ọkọ̀, ó yí i, kò mì. Ó sùn sílẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ títí, ó dìde, ó gbọn eruku nù. "Tíṣà, kò tíì kú. Ó kàn gan ni. Ẹni tó bá fi agbára mú un ló máa pa á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ àwọn púlọ́ọ̀gì. Mẹ́ta jáde, ọ̀kan kọ̀. Ó fi iná mú ìdí rẹ̀ gbóná, ó wá fi àbẹ́là kàn án. Àbẹ́là náà yọ́, ó sì rá wọlé bí ìgbà tí ilẹ̀ gbígbẹ bá ń fa omi mu. Nígbà tó tutù, ó fi sípánà yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, títí ó fi jáde. Lẹ́yìn náà ló po kẹrosíìnì mọ́ epo ẹ́ńjìnnì, ó dà á sínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn písítìn wà. Ó ní kí n máa bù kún un láràárọ̀, kí n má sì fọwọ́ kan irin ìyíná.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó ti ọkọ̀ láràárọ̀. Ọyẹ́ á bo ilẹ̀, òkè á wọlé sínú kùrukùru, n kò ní rí ju igi máńgòrò àti ọkọ̀ náà lọ. Epo ń rọra fà lọ sílẹ̀ nínú ihò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ihò tó ṣẹ́ kù, ìyẹn ìkẹta láti iwájú, ibi tí mo fi í sí ni mo ń bá a. Mo ń rántí ìgbà tí a jọ ń lọ sí Makútú, tí o bọ́ bàtà, tí o ní bàtà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan oorun gbé mi lọ. Mo rí Mọ́rísì tó ń lọ láàárín oko bàbà, kò sẹ́ni tó ń wà á, kò sì pariwo. Mò ń sáré tẹ̀ lé e, kò rẹ̀ mí. Nígbà tí mo jí, mo ti da kẹrosíìnì sí ṣòkòtò mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sùúrù mi tán. Mo gbé gbogbo ara lé irin ìyíná. Ó dún kà! Ó yọ, ó gbá mi ní àgbọ̀n, mo ṣubú. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ pátápátá. Lájídé dé, ó wò ó yíká, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ló yọ yín, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí epo ṣiṣẹ́ rẹ̀." Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó fi ìpáàrà hàn mí nínú ihò kẹta, ó pupa bí iyẹ̀pẹ̀ Kábà. Ó fi sánpépà ha á díẹ̀díẹ̀, ó fi igi rírọ̀ lé orí písítìn, ó sì ń fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé olókùnrùn. Ó tún da epo sí i. A tún dúró.

Ní ìparí oṣù Kìíní, ó ní ká fi jíà sí ipò kẹrin. Èmi, òun àti Zipporah wá ń ti ọkọ̀ síwájú, a ń fà á sẹ́yìn. Ohun kan mí nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń jí. Lájídé gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dúró." Ó ki irin bọ̀ ọ́, ó yí i, ó yí ní ìwọ̀n èékánná. "Ó ti gbà." Zipporah bú sórin. Èmi jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn tó fọ inú rẹ̀, tó pààrọ̀ ohun tó yẹ kó pààrọ̀, ó ṣí iná sí i. Èéfín búlúù bo àgbàlá wa, a kò rí ara wa mọ́, ohùn ẹ́ńjìnnì nìkan là ń gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé n óò gbé e kalẹ̀ ní Mọ̀pà, n óò dákẹ́, o ò sì ní mọ̀ láéláé. Ní Sátidé tó kọjá mo wà á lọ. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa kọfí. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbórí sókè. "Andrew?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Josiah ni."

Ó dìde, ó fọwọ́ pa ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Adìẹ yẹn ti kúrò lórí àga?"

Andrew, láti 1985 ni Màmá ti mọ̀! Ó wá gba ìtọ́jú ní Kábà, ó yà sí ilé wa, kò bá wa. Ó rí ọkọ̀ rẹ nínú koríko, adìẹ Zipporah sàba sórí àga ẹ̀yìn. Ó ní gbogbo ìgbà tí o bá sọ fún òun pé Josiah ní ọkọ̀ wà dáadáa, òun á ní, "A dúpẹ́."

Mo bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

Ó ní, "Ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un nílé. Ṣé kí n wá gba ọ̀rẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irin?" Ó tún fọwọ́ pa ọkọ̀ náà. "Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ nílé báyìí. Sọ fún un kó tó dé. N kò ní wọ ọkọ̀ yìí títí yóò fi gbọ́."

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Màmá. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n fèsì, kí Màmá lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà, ilé kò ní lé ọ, ojú Màmá yóò sì rí ọ kí ó tó sinmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ ọ́ ní gbèsè òtítọ́ fún ọdún mọ́kànlá,
Josiah.

Àfikún: Ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì kò tíì ṣí. Lájídé fẹ́ ṣe é, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún èmi àti ìwọ. Mú aṣọ iṣẹ́ dání.