Dùùrù Mahala àti Pósí Ànàmọ́

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́
Yvonne, ìyàwó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. N kò mọ̀wé. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má fi ṣúgà sí i.
Mahala ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ pè mí. Dókítà ní ìlú ńlá St. John's ní ọkàn rẹ̀ kò ní gbé e dé ìgbà tí yìnyín èbúté máa yọ́. Mahala sọ ọ́ bí ẹni pé tíì rẹ̀ ló kàn tutù. Òun nìkan ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ọ̀dọ́ ti wá iṣẹ́ lọ sí Alberta, ọ̀nà jíjìn, tán. Pásítọ̀ ní kò burú, fóònù á kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀.
Mahala ní, "Bí fóònù bá kọrin sin mí, màá dìde jókòó. Ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́, Dorcas. Orin kan péré."
Èmi! Ọwọ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ la ẹja kọ́ọ̀dù! Mo ní kó lọ sùn.
Ó ní, "Ta ló kù?"
Ó wò yíká. Èmi náà wò yíká. — Mo gbà.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́
Wọn kì í dáná sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà òtútù àfi lọ́jọ́ ìsìn. Ilé Mahala la ti ń kọ́ ọ. Dùùrù ilé rẹ̀ — Ewúrẹ́ ni mo sọ ọ́, torí bó ṣe ń ké. Ọ̀rinrin òkun ti pa mẹ́ta nínú eyín rẹ̀ tí à ń fìka tẹ̀. Mahala ní bí mo bá dé orí eyín tó kú, kí n fẹsẹ̀ kilẹ̀, gbì, kí n máa lọ.
Kò sí àga. Wọ́n ti fi dáná. Orí pósí Mahala ni mo jókòó. Selby ọmọ rẹ̀ ló kàn án sílẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwa àgbà níbí. Wọ́n kó ànàmọ́ sínú rẹ̀ kí òtútù má baà bà á jẹ́.
"Rọra jókòó o. Ibùsùn mi nìyẹn."
"Ànàmọ́ ló ń sùn níbẹ̀ báyìí."

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́
Ìka ń dùn mí. Mo burú jáì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́
Mo tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mahala ní ó dà bí ẹlẹ́sẹ̀ igi tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó fún mi ní ẹja pẹ̀lú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Òun kò jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́
Lẹ́yìn ìsìn, mo dán dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wò. Àga rẹ̀ kúrú ju pósí lọ. Ọwọ́ mi ṣáko bí àgùntàn. N kò mọ orúkọ eyín kankan. Ibi tí apá mi ń balẹ̀ sí láti orí pósí nìkan ni mo mọ̀. Selby kó ìrọ̀rí wá. Ìrọ̀rí rì. Ó to ìwé orin jọ. Ìwé yọ̀, mo ṣubú.
Mahala rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ṣé pósí mi nìkan ló mọ orin náà ni?"
"Ó jọ bẹ́ẹ̀."
"Kí wọ́n gbé e lọ bá ọ nígbà náà."
Kò rò ó síwájú. Èmi náà kò rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Èrèlè
Mahala kú láàárọ̀. Tíì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Èrèlè
Selby dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. "Àǹtí Dorcas, ẹ má bínú. Mo ti kó ànàmọ́ kúrò. Màmá mi ti wọ inú àga yín."
Ó gbé àpótí ẹja wá kí n fi ṣe àga. Ó ga jù. Mo ní kó kan pósí mìíràn. Ó ní pákó ti tán, yìnyín kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi wọ èbúté.
Wọ́n ní Pásítọ̀ ti ń ṣáájì fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Èrèlè
A ṣe ìsìn òkú Mahala. Pásítọ̀ yọ fóònù. Mo ní kó dá a padà sápò. Mo ní kí Selby àtàwọn yòókù gbé pósí wá síwájú dùùrù, kí wọ́n gbé e dábùú.
Pásítọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ ò lè jókòó lórí olóògbé!"
Mo ní, "Orí ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ."
Mo jókòó. Gbogbo eyín wà níbi tí ọwọ́ mi mọ̀. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kò ní eyín tó kú, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọwọ́ mi níyẹn? Mo fẹsẹ̀ kilẹ̀, gbì. Ìjọ wo ara wọn. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni Mahala ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo tún dé irú ibẹ̀, gbogbo wọn fẹsẹ̀ kilẹ̀ pẹ̀lú mi — gbì! — eruku já bọ́ láti àjà. Pásítọ̀ pàápàá fẹsẹ̀ kilẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ tán. N kò ṣì í. Kò sẹ́ni tó dìde jókòó lábẹ́ mi.
Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo rọra jókòó.