Ìlú Kan Tí Ń Jẹ́ Vers

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025
Àbúrò mi Àbdùlrásàq — Ọnọ́ ni mò ń pè é látìgbà tó ti di aṣòfin ní Nàìjíríà — pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fẹ́ gba ìjókòó rẹ̀. Àlàájì Gbàdàmọ́sí, tó fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìbò, ní Ọnọ́ purọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìbò, ó kọ ọ́ pé Ìlọrin ni wọ́n bí òun sí. Wadata níbí, ní Niamey olú ìlú Niger, ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dáná sun ìwé ọjọ́ìbí yẹn." Inú àpótí mi ló wà.

Ìṣẹ́gun, 4
N ò sun ún. Ìṣáná ò wọ́n. Irọ́ ló wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 6
Gbàdàmọ́sí ti rí ẹ̀dà gbà níbìkan! Ó kà á lórí rédíò: "né vers 1977 à Niamey." Bàbá tí ò gbọ́ Faransé rárá. Ó ní Vers jẹ́ ìlú kan nílẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọnọ́ sí, wọ́n kàn gbé e gba Niamey kọjá. Fàrídà ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. "Màámá, vers kì í ṣe ìlú o. 'Nǹkan bí' ni!" Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa ò rántí ọdún gan-an, akọ̀wé bá kọ nǹkan bí.

Jímọ̀, 7
Inú Ọnọ́ ń dùn. Ó ní òun á dìde nílé aṣòfin, òun á ní òun ò dé ilẹ̀ Faransé rí — òótọ́ sì ni — wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Mo ní tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán ńkọ́, tí wọ́n ní níbo wá ni wọ́n bí ẹ sí? Ọmọ Ìlọrin ni bàbá wa, ìyẹn ló sọ ẹ́ di tiwọn. Irọ́ ni wọ́n lè fi lé ẹ, kì í ṣe Wadata.
"Wọ́n á máa pè mí lọ́mọ Niger."
Mo ní ṣé wọ́n purọ́ ni?
Ó pa fóònù.

Àìkú, 9
Kò pè.

Ìṣẹ́gun, 11
Fàrídà di fóònù mú, a jọ ń wo ilé aṣòfin wọn. Ọnọ́ dìde. Kò tiẹ̀ mẹ́nu ba Vers. Ó ní Wadata ni wọ́n bí òun sí, òun purọ́, kí wọ́n má bínú. Ẹnì kan kígbe, "Ọmọ Niger!" Ó ní, "Èmi rèé." Wọ́n ní ìjókòó rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀ — ṣùgbọ́n kó lọ jókòó sílé fóṣù mẹ́ta ná.

Ọjọ́rú, 12
Ó pè. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní oṣù mẹ́ta gùn o, ṣé yàrá wà lọ́dọ̀ mi. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sọ fún mi pé ọ̀nà jìn.
Mo ti gbé fóòmù tó máa sùn lé sóòrùn.